Bọ́ọ̀lù Tí Wọ́n Fi Ọwọ́ Òsì Nà sí Mi

Ta ló ń fún arúgbó tí kò mọ̀ rí ní ohun tí gbogbo èèyàn ń jà lé lórí?

Ìyá Bọ́dé, ọ̀rẹ́ mi, wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wa láti Cochrane, ìlú tó wà nítòsí Calgary wa níbí. Lónìí, ọmọ mi gbé wa lọ sí stadium baseball, níbi tí wọ́n ti ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù.

Bọ́ọ̀lù kan fò wá sọ́dọ̀ wa. Gbogbo wọn dìde, wọ́n ń ti ara wọn, torí ẹni tó bá gbá a mú ló ni ín. Òyìnbó tó jókòó níwájú mi ló fi ìbọ̀wọ́ awọ gbá a mú. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ló bá yíjú padà, ó na bọ́ọ̀lù náà sí mi.

Ọwọ́ òsì ló fi nà án!

Mo ká ọwọ́ mi mọ́ra. "Kí ló rí lára mi?"

Ìyá Bọ́dé ní, "Ọwọ́ tó wọ ìbọ̀wọ́ sí nìyẹn. Gbà á jàre, wọ́n ń wò wá."

"Ìwọ gbà á, tó bá dá ẹ lójú."

Ó sì gbà á lóòótọ́! Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, kò bojú wẹ̀yìn mọ́. Ẹni tó fúnni ní nǹkan tí kò wá ọpẹ́, kí ló ń wá?

Bọ́ọ̀lù náà ti wọ basement wa báyìí, yàrá abẹ́ ilé níbi tí àwa méjèèjì ń sùn. Mo ní kí Ìyá Bọ́dé gbé e sí garage, níbi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí. Ó ní òun ò lè gbé ẹ̀bùn òun síta.

Ẹ̀bùn ta? Ṣebí èmi ni wọ́n nà án sí!

Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ ní Calgary, ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe níbí nìyí? Tí kò bá sí nǹkan kan nínú ẹ̀, ẹ tètè sọ, kí n lọ gba bọ́ọ̀lù mi.