Ẹni Tó Bá Mi Fọwọ́ sí Ìwé Owó Ìfẹ̀yìntì Mi

Òórùn fáìlì àtijọ́ ló kọ́kọ́ máa ń wá sí mi nímú bí mo bá ti rántí ọdún yẹn: páálí tí òjò ti pa tó sì tún gbẹ, ìtọ̀ eku, àti oògùn tí wọ́n fi ń nu ilẹ̀ wọ́ọ̀dù tó máa ń ta sí ni lọ́fun. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi tọ́jú fáìlì àwọn aláìsàn ní ilé ìwòsàn kékeré kan tí ìjọ dá sílẹ̀ ní Ìrè-Èkìtì. Bí ìyá kan bá gun ọ̀kadà wá láti oko, tí kò rántí ọdún tó wá kẹ́yìn, èmi ni mo máa wo ojú rẹ̀ tí màá sì mọ pẹpẹ tí fáìlì rẹ̀ wà. Ìwọ náà ti ṣiṣẹ́ nírú ibẹ̀ rí, o mọ̀ pé owó oṣù wọn kò tó nǹkan. Síbẹ̀, wọ́n ń yọ díẹ̀ nínú rẹ̀ lóṣooṣù, wọ́n ní ti ọjọ́ ogbó wa ni.

Nígbà tí mo rí iṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Ìdó, akápò wa, tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, pè mí jókòó. Ó ní òfin tuntun ti dé, kí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan fúnra rẹ̀ yan ilé iṣẹ́ tí yóò máa tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀, pé bí mo bá ti yan tèmi kí n mú nọ́ńbà wá, àwọn yóò kó owó ọdún mẹ́jọ náà lọ síbẹ̀. "Má kánjú o," ló wí. "Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lo máa yàn. Kò tíì sí àyè pé o fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ ẹni àkọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì." Owó ọ̀hún ò tó ra ọ̀kadà àlòkù kan, ṣùgbọ́n gbọ́ mi dáadáa. Ilé tí mò ń gbé, ilé ọkọ mi ni. Ilẹ̀ tí mo gbin ẹ̀gẹ́ sí, ti bàbá ọkọ mi ni. Àwọn ọmọ tí mo bí, orúkọ ilé wọn ni wọ́n ń jẹ́. Owó yẹn nìkan ni mo ní láyé yìí tí ẹnikẹ́ni ò bá mi dá sí.

Nítorí náà ni mo ṣe fara balẹ̀. Àwọn aṣojú ilé iṣẹ́ wọ̀nyẹn kún ọgbà ilé ìwòsàn ní Ìdó nígbà náà, èyí ń pín fìlà, tọ̀hún ń pín agboòrùn. Ìbéèrè kan náà ni mo bi gbogbo wọn: bí mo bá kú, ta lẹ máa pè wá gba owó mi? Ẹni tó ń pín fìlà ní ọkọ mi ni. Ẹni tó ń pín agboòrùn rẹ́rìn-ín, ó ní kí n má sọ ọ̀rọ̀ ikú, ọkọ mi ṣáà wà. Obìnrin kan tí kò pín nǹkan kan ló wò mí lójú, ó ní, "Ẹni tí ẹ bá kọ síbẹ̀ ni, mà." Mo ní bí mo bá kọ orúkọ ìyá mi ńkọ́? Ó ní, "Ìyá yín náà ni." Ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ ibi tí owó mi ń lọ.

Àfi bí àbúrò ọkọ mi ṣe gba iṣẹ́ sí ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ yẹn. Akọ̀wé ni mo ń pè é, nítorí ìyàwó kì í pe àbúrò ọkọ lórúkọ nílé wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo fi ọdún mẹ́fà jù ú lọ. Wọ́n ní iye fọ́ọ̀mù kan wà tó gbọ́dọ̀ gbà jọ lọ́wọ́ àwọn èèyàn kí wọ́n tó fi í sípò. Ó gbé ọ̀kan wá lọ́jọ́ Ìsinmi kan lẹ́yìn ìsìn. Mo ní, "Akọ̀wé, ẹ jẹ́ kí n rò ó ná." Ló bá bú sẹ́rìn-ín. "Ìyàwó wa, kí lẹ fẹ́ rò? Ṣé ọmọ ẹlòmíì lẹ fẹ́ gbé e fún, tí èmi wà níbí?" Ìyá ọkọ mi náà dá sí i látorí àpótí tó jókòó sí: "Uṣẹ́ ọmọ wa ni o. Bí àwa ò bá bá a ṣe é, ta ni yóò bá a ṣe é?" Mo tún un sọ pé màá rò ó. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé nílé ọkọ, ìyàwó tó ní òun ń rò ó, wọ́n ti kà á sí ẹni tó gbà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo lọ bá obìnrin tí kò pín nǹkan kan yẹn kí n gba fọ́ọ̀mù. Ó wádìí títí, ó gbójú sókè. "Ẹ ti forúkọ sílẹ̀ níbòmíì, mà. Ẹ ti ní nọ́ńbà." Èmi kẹ̀? Ìgbà wo? Mo wọ ọkọ̀ lọ sí ilé iṣẹ́ tó dárúkọ, ní Adó, wọ́n sì fi fọ́ọ̀mù náà hàn mí. Fọ́tò tí mo yà fún káàdì ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ ló wà lórí rẹ̀, èyí tí ìyá ọkọ mi fi pa mọ́ sínú Bíbélì rẹ̀. Orúkọ ọkọ mi ni wọ́n kọ síbi tí mo fẹ́ kọ ti ìyá mi. Nísàlẹ̀, ẹnì kan ti bá mi fọwọ́ sí i, ó tilẹ̀ kọ ọ́ rẹwà ju tèmi lọ. Mo sáré wọ ọkọ̀ padà sílé. Kì í ṣe ẹ̀rù o, ìbínú ni.

Ẹ̀gúsí ni ìyá ọkọ mi ń pa nígbà tí mo délé. Mo ní, "Màmá, ta ló mú fọ́tò mi?" Kò tiẹ̀ gbójú sókè. "Èmi ni mo fún un. Àbí a jí i ni?" Akọ̀wé jáde láti yàrá, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú, ìyàwó wa. Ẹyọ kan ló kù kí tèmi pé. Mo ṣáà mọ̀ pé ẹ máa gbà." Ó mọ̀ pé mo máa gbà! Orí mi gbóná débi pé n kò mọ ìgbà tí mo pariwo pé a kì í fá orí lẹ́yìn olórí, mo sì pe orúkọ rẹ̀ mọ́ ọn, orúkọ àbísọ rẹ̀ gan-an.

Ọ̀rọ̀ bá yí padà. Láti ìṣẹ́jú yẹn, kò sẹ́ni tó tún rántí fọ́ọ̀mù mọ́, orúkọ tí mo pè ni gbogbo wọn ń sọ. Ìyàwó pe ọmọ ọkọ lórúkọ! Ọkọ mi, ẹni tó mọ gbogbo bí mo ṣe ń béèrè kiri láti oṣù méjì, ló sọ fún mi pé ilé ọkọ ilé ẹ̀kọ́ ni, kí n kúnlẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Mo bẹ̀bẹ̀ nítorí orúkọ. N kò bẹ̀bẹ̀ nítorí ìwé.

Mo padà sí Adó lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọkọ mi sì tẹ̀ lé mi. Ọ̀gá tó wà níbẹ̀ gbé bébà funfun kan síwájú mi. "Bí ẹ bá kọ ọ́ síbí pé ọwọ́ yín kọ́, a óò wọ́gi lé e, ẹ óò sì lè yan ẹlòmíì. Ṣùgbọ́n ẹni tó mú un wá, iṣẹ́ rẹ̀ ti bọ́ nìyẹn." Ọkọ mi fà mí láṣọ. "Àbúrò mi ni. Owó ọ̀hún ò ṣáà sọnù." Òótọ́ ni, kò sọnù. Títí dòní, n kò gbọ́ ohun burúkú kan nípa ilé iṣẹ́ yẹn, àwọn ará ilé kì í sì í jẹ́ kí n gbàgbé ìyẹn. Ìyẹn gan-an ló máa ń bí mi nínú jù. Bí wọ́n bá wú iṣu ẹ lóko, tí wọ́n gún un níyán, tí wọ́n bu díẹ̀ fún ẹ, ṣé wàá máa dúpẹ́ pé iyán náà kúnná? Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Mo mú bírò, mo kọ ọ́.

Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Akọ̀wé. Ó di ọlọ́kadà, Ọ̀yẹ́ sí Ìkọ̀lé, ìyàwó rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. N kò ní purọ́ fún ẹ, mo rí i lọ́jọ́ kan tí òjò ń lù ú, àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé mo fẹ́ sunkún. Ọkọ mi kò fẹnu kan oúnjẹ mi fún odidi oṣù kan. Ìyá rẹ̀ ní tirẹ̀ kò bá mi jà. Kò kàn pè mí mọ́ ni. Bí àlejò bá béèrè mi, á ní, "Èyí tó lé ọmọ mi kúrò nídìí uṣẹ́ ńkọ́? Ó wà lẹ́yìnkùlé." Ọ̀pọ̀ ọdún la fi gbé bẹ́ẹ̀ nínú ilé kan náà. Owó mi sì wà níbi tí mo fi í sí, lọ́dọ̀ obìnrin tí kò pín nǹkan kan.

Nígbà tí àìsàn dá ìyá ọkọ mi dùbúlẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì gbé ìwé kan wá bá a ní yàrá. Wọ́n fẹ́ fi oko kòkó rẹ̀ yá ẹnì kan, kí ìyá wá tẹ̀ka sí i. Inú ilé ìdáná ni mo wà tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Ẹ pe ìyàwó wá. Kó wá kà á fún mi."

Akọ̀wé ní, "Màmá, mo ti kà á."

"Mo mọ̀ pé o mọ̀wé," ni ìyá wí. "Ìyàwó ni mo ní kí ẹ pè."

Mo nu ọwọ́ mi, mo wọlé, mo gba ìwé náà. Bí mo bá sọ fún ẹ pé inú mi dùn, irọ́ ni. Inú bí mi bí ẹni pé òní ni nǹkan ọ̀hún ṣẹlẹ̀, nítorí mo rí i kedere pé ìyá yìí mọ ohun tí mò ń sọ láti ọjọ́ tí mo ti sọ ọ́. Ó mọ̀, ó sì jẹ́ kí n kúnlẹ̀. Mo kà á dé ìlà tó kẹ́yìn. Ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà, mo sì rọra kà á, kí ó lè gbọ́ gbogbo rẹ̀ kó tó pinnu fúnra rẹ̀.