Òkúta Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n àti Sàlẹ́ńsà Ọkọ̀ Wa

Ọpẹ́ ni fún Allāhu, Ọba tí ó ń mú ni jáde nílé tí ó sì ń mú ni padà wọlé. Mo dúpẹ́ pé ẹ̀mí ẹ̀gbọ́n mi wà di àsìkò tí mò ń kọ ìwé yìí, nítorí ọwọ́ èmi fúnra mi ni mo fi darí èéfín sí wọn nímú. Ọba aláàánú ni kò jẹ́ kó di ẹjọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí.

Àlàájà Sìdíkátù ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń jẹ́. Ọdún mẹ́jọ ni wọ́n fi jù mí. Àwọn ló kọ́kọ́ wá sí ìlú òyìnbó, owó iṣẹ́ wọn ni wọ́n sì fi mú mi wá. Iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ rí ni fífọ aṣọ ibùsùn ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Hastings, ìlú kan létí òkun, kí wọ́n tó wá bá àwọn ènìyàn wa ní Peckham. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n dé ibẹ̀ ni okùn tẹ̀súbáà wọn já, tí gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ sì dà sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ. Wọn kò mọ ibi tí wọ́n ti ń ta òmíràn. Ni wọ́n bá lọ sí etí òkun, wọ́n ṣa òkúta wẹẹrẹ mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, wọ́n sì ń fi ka àsìkírì wọn lẹ́yìn ìrun. Nígbà tí wọ́n ń kúrò níbẹ̀, wọ́n kó òkúta náà dání nínú àpò aṣọ kékeré kan, ó sì wà lọ́wọ́ wọn láti ìgbà náà.

Ní oṣù kẹwàá tó kọjá, ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí wọ́n wọ bàlúù padà sí Abẹ́òkúta, ìpadàbọ̀ tí kò tún sí àlọ nínú rẹ̀ mọ́. Wọ́n pè mí, wọ́n gbé àpò náà lé itan.

"Àkànní, mo yá òkúta yìí ni. N kò tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kankan. Amánà ni. N kò lè gbé e sọdá òkun. Mú mi lọ dá a padà."

Mo ní kí wọ́n fún mi, kí n bá wọn kó o lọ. Wọ́n wò mí bí ẹni pé mo ní kí n bá wọn kírun.

Ohun tó le níbẹ̀ ni àyà wọn. Ó ti tó ọdún méjì tí ẹ̀dọ̀fóró ti ń yọ wọ́n lẹ́nu. Wọn kò lè jókòó pẹ́ nínú ọkọ̀ ojú irin. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú wọn ní Camberwell sọ pé kò burú, wọ́n lè lọ, bí wọ́n bá rí ibi fẹ̀yìn lélẹ̀ tí afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n ó na ìka sí mi: èéfín ò gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn. Bí ikọ́ yẹn bá fi lè ru sókè, ilé ìwòsàn ni yóò gbà wọ́n, bàlúù yóò sì gbéra láìsí wọn.

Èmi sì ní ọkọ̀ tó yẹ irú ìrìn bẹ́ẹ̀. Mótòhóòmù ni àwọn òyìnbó ń pè é, ìyẹn ọkọ̀ tí wọ́n kọ́ ilé lé lẹ́yìn, tó ní bẹ́ẹ̀dì, sítóòfù àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Mo rà á nígbà tí àwọn ọmọ mi ṣì kéré, tí gbogbo wa ń sùn há ara wa mọ́ inú rẹ̀ lásìkò ọlidé. Dísẹ́ẹ̀lì ló ń mu, ó sì ti darúgbó. Lójoojúmọ́ tó bá rìn nínú London, pọ́n-ùn méjìlá àti àádọ́ta pẹ́nì là ń san nítorí èéfín rẹ̀. Lọ́dún yìí ni ìpẹtà wá jẹ sàlẹ́ńsà rẹ̀ lu. Bí mo bá ṣáná sí i, àwọn aládùúgbò a yọjú lójú fèrèsé.

Mo gbé e lọ bá Sámúẹ́lì, wẹ́dà kan tó ní ṣọ́ọ̀bù lábẹ́ afárá ojú irin ní Peckham. Ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni, kò tíì pé ogójì ọdún, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́. Ó gé èyí tó ti jẹrà kúrò, ó fi páìpù tuntun àti sàlẹ́ńsà tuntun sí i, ó fi rọ́bà gbé e kọ́ kó má baà máa gbọ̀n. Ó ku ẹnu rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀yìn gan-an ló kọjú sí, afẹ́fẹ́ a sì máa dá èéfín padà gba fèrèsé ẹ̀yìn wọlé. Nítorí àyà ẹ̀gbọ́n mi, mo ní kó gbé e gba ẹ̀gbẹ́.

"Ẹ̀gbẹ́ wo, Uncle?"

"Òsì."

Ó yọ orí jáde lábẹ́ ọkọ̀. "Òsì? Uncle, ṣé ó dá yín lójú?"

"Sámúẹ́lì, kí wọ́n tó bí ọ ni mo ti mọ ibi tí èéfín ń gbà. Awakọ̀ lọ́rì ni bàbá mi. Òsì ni sàlẹ́ńsà tiwọn kọjú sí títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Wọ́n ní èéfín kì í kọjú sí èrò."

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, Uncle." Ó padà sábẹ́ ọkọ̀.

Nígbà tó parí, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wo iṣẹ́ rẹ̀. Mo rí ìkọ́ irin kan tó jó mọ́ apá ọ̀tún, tí nǹkan kan kò sì rọ̀ mọ́ ọn.

"Èyí ńkọ́?"

"Ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀, Uncle. Kì í jẹun."

Ní òwúrọ̀ Sátidé, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, kí ilẹ̀ tó mọ́, a gbéra. Ẹ̀gbọ́n mi dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, wọ́n ṣí fèrèsé níwọ̀n ìka mẹ́ta, wọ́n gbé àpò òkúta sábẹ́ ìrọ̀rí. Àwọn tó ṣíwọ́ iṣẹ́ òru dúró ní ibùdókọ̀ pẹ̀lú ojú oorun. Ní Rye Lane, àwọn ẹlẹ́ja ti ń da yìnyín sórí tábìlì. Kò sẹ́ni tó kí wa. Nílé, bí lọ́rì bàbá wa bá ń jáde ládùúgbò ní irú àsìkò yìí, àwọn tó ń gbálẹ̀ a gbé ìgbálẹ̀ sókè, wọn a ní, "Bàbá Sìdí, ẹ ó lọ ire, ẹ ó bọ̀ ire!" Àdúrà ogún ilé ni wọ́n máa ń kó lọ sí Èkó. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe ń rántí wọn bí a ti ń gun òkè lọ sí Forest Hill. Ohùn ọkọ̀ rọ̀, ó ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, inú mi dùn.

Catford ni ikọ́ àkọ́kọ́ ti wá, nínú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ.

"Àkànní, kí ló ń rùn?"

"Ọkọ̀ tó wà níwájú wa ni, Àǹtí mi."

Ní Bromley, wọ́n tún hú u. Mo tún dá ọkọ̀ iwájú lẹ́bi. Nígbà tí a bọ́ sí títì ńlá tó ń lọ sí etí òkun, kò sí ọkọ̀ kankan níwájú mọ́ tí mo lè dá lẹ́bi. A ń gun òkè lẹ́yìn Sevenoaks nígbà tí ikọ́ náà dé tí kò tún dáwọ́ dúró. Mo yà sí ibi ìdúró kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Mo fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́ nítorí òtútù, mo sáré yípo láti ṣílẹ̀kùn fún wọn. Bí mo ti ṣí i ni èéfín bá mi wọlé bí àlejò tí a ránṣẹ́ pè.

Mo paná ọkọ̀. Mo gbé wọn jókòó sórí àga kékeré nínú koríko, wọ́n fa oògùn wọn sẹ́nu lẹ́ẹ̀mejì. Ètè wọn ti ṣú díẹ̀. Èmi kò lè sọ nǹkan kan ju "Yā Allāhu" lọ.

"Àǹtí mi, ẹ jẹ́ ká padà sílé."

"Kí n wá kó òkúta wọ bàlúù?" Ohùn wọn kéré. "Apá ibo lo kọ ẹnu sàlẹ́ńsà yẹn sí?"

"Òsì. Bíi ti Bàámi."

Ẹ̀rín bọ́ sí wọn lẹ́nu, ó bá ikọ́ pàdé lọ́nà ọ̀fun.

"Ọmọ kékeré ni ọ́ nígbà náà. Ṣé o rántí ọ̀sẹ̀ tí wọ́n yí títì padà nílé? Tí wọ́n ní kí gbogbo ọkọ̀ kúrò lápá òsì, kó máa gba ọ̀tún?"

"Mo rántí pé gbogbo ènìyàn ń bẹ̀rù àtisọdá."

"Lọ́sẹ̀ yẹn, Bàámi sùn sábẹ́ lọ́rì láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ọ̀tún ni sàlẹ́ńsà wọn wà tẹ́lẹ̀! Àwọn fúnra wọn ló yí i sí òsì. Èmi ni mò ń na sípánà sí wọn. Wọ́n ní, 'Sìdí, etí títì ni èrò ń bọ́ sí. Ibi tí etí títì bá wà, kí èéfín kẹ̀yìn sí i.' Ìwọ òsì lo rí. O ò gbọ́ ìdí rẹ̀."

Mo wo ilẹ̀kùn ọkọ̀ mi. Òsì ló wà, lọ́dọ̀ etí títì, nítorí apá òsì ni wọ́n ń gbà níbí. Ọdún méjìlélógún ni mo fi wa bọ́ọ̀sì ní London, tí mò ń ṣílẹ̀kùn sí òsì fún èrò lójoojúmọ́. Síbẹ̀, nígbà tí ọ̀rọ̀ sàlẹ́ńsà dé, ojú títì Abẹ́òkúta ni mo wà.

Mo pe Sámúẹ́lì lórí fóònù.

"Uncle! Ṣé ẹ ti dé òkun?"

"A ò tíì dé. Sámúẹ́lì, sàlẹ́ńsà yìí…"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Mo ti ń retí ìpè yín láti àná."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí wọ́n tó bí mi lẹ ti mọ̀ ọ́n! Ṣé kí n wá máa bá yín jiyàn ni? Ẹ fọkàn balẹ̀. Mi ò jó apá ìgbẹ̀yìn yẹn pọ̀. Bóòtù méjì ni mo fi dè é. Ẹ jẹ́ kó tutù dáadáa, ẹ tú u, ẹ yí ẹnu rẹ̀ sí ọ̀tún, kẹ́ ẹ fi rọ́bà gbé e kọ́ ìkọ́ yẹn."

"Ìkọ́ tí kì í jẹun."

"Òun gan-an, Uncle. Ebi ti ń pa á."

A dúró fún wákàtí kan kí irin náà tó tutù. A mu tíì láti inú fíláàsì, a jẹ àkàrà àná pẹ̀lú búrẹ́dì. Èémí ẹ̀gbọ́n mi ń padà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí mo wá tẹ́ búláńkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ sílẹ̀ tí mo sì rá wọ abẹ́ ọkọ̀, ọwọ́ wọn ni mo rí tó na sípánà nọ́ḿbà mẹ́tàlá sí mi.

"Àǹtí mi, ẹ lọ jókòó."

"Ṣé ìwọ nìkan ni Bàámi bí?"

Bóòtù méjèèjì tú wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo yí páìpù náà, ó bọ́ sí ọ̀tún bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Rọ́bà kọ́ ìkọ́ náà, kò lé, kò dín. Mo ṣáná, mo lọ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, mo fa afẹ́fẹ́ símú. Òórùn koríko tútù nìkan ló wà níbẹ̀.

A dé Hastings ní ìgbà ìrun àìlà. Etí òkun wọn kò rí bíi ti Èkó tó jẹ́ iyanrìn. Òkúta ni gbogbo rẹ̀, ó ń ró wajawaja lábẹ́ ẹsẹ̀, omi a sì máa fà á bí ẹni ń gbọn ìrẹsì nínú igbá. Ilé tí ẹ̀gbọ́n mi ti fọṣọ ṣì wà, ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ ọ́ di fúláàtì. Wọ́n tọ́ka sí fèrèsé kan, wọ́n ní níbẹ̀ ni àwọn ti kọ lẹ́tà tí wọ́n fi ní kí n máa bọ̀. Mo ṣì rántí lẹ́tà náà. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí n mú súwẹ́tà méjì dání, bàbá wa sì ní ọ̀kan tó.

A kírun lórí òkúta náà, èmi lórí ìdúró, àwọn lórí àga. Lẹ́yìn náà wọ́n tú àpò, wọ́n ń sọ òkúta náà sómi lọ́kọ̀ọ̀kan: "Subhānallāhi," òkúta kan, "Subhānallāhi," òkúta kan. Mo ń bá wọn kà á. Nígbà tó pé mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, omi gbé ẹyọ ìkẹyìn, ó dà á pọ̀ mọ́ ìyókù. Kò sẹ́ni tó lè mọ èwo ló ti gbé Peckham rí. Wọ́n gbọn àpò náà yẹ́ẹ́, wọ́n ká a, wọ́n fi sápò.

A ra ẹja díndín àti ọ̀dùnkún díndín ní pọ́n-ùn mẹ́rìnlá. Ẹja náà tóbi ju àwo lọ, ata ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tú ata gígún láti inú báàgì. Wọ́n ní àwọn ò gbàgbé bí oúnjẹ ibẹ̀ ṣe rí.

Wọ́n sùn ní gbogbo ọ̀nà àbọ̀. Fèrèsé ṣí, ikọ́ kò wá. Ìrọ̀lẹ́ ti lẹ́ nígbà tí a ń sọ̀ kalẹ̀ láti Forest Hill, tí iná Peckham ń tàn nísàlẹ̀. Mo yà lọ sábẹ́ afárá ojú irin kí Sámúẹ́lì tó ti ṣọ́ọ̀bù. Mo wí fún un pé, "Sámúẹ́lì, ẹ ṣé." Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá àgbàlagbà kan ló wà níbẹ̀. Èmi tí mo fi ọjọ́ orí pa á lẹ́nu mọ́, òun tó bọ̀wọ̀ fún mi tó sì tún bò mí láṣìírí, ta ni àgbà nínú wa? Bàbá wa fún mi ní ẹ̀kọ́ tó dára, ọwọ́ òsì nìkan ni mo dì mú nínú rẹ̀, mo jẹ́ kí ìdí rẹ̀ bọ́. Bí kì í bá ṣe ìrìn-àjò yìí, bẹ́ẹ̀ ni ǹ bá ṣe fà á lé àwọn ọmọ mi lọ́wọ́.

Nígbà tí mo dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn, ẹ̀gbọ́n mi kò tètè sọ̀kalẹ̀. Wọ́n fọwọ́ pa ògiri ọkọ̀ náà.

"Àkànní, lọ́jọ́ tí o bá ń bọ̀ nílé, má gbàgbé láti yí sàlẹ́ńsà yìí padà sí òsì."

Mo rẹ́rìn-ín. "Àǹtí mi, ọkọ̀ yìí ò lè dé Abẹ́òkúta láéláé."

"Ìwọ ńkọ́?"

Mo na ọwọ́ sí wọn, mo ràn wọ́n lọ́wọ́ sọ̀kalẹ̀. Lọ́jọ́bọ̀ wọ́n wọ bàlúù lọ, wọ́n dé láyọ̀. Sípánà nọ́ḿbà mẹ́tàlá yẹn ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, n kò tíì gbé e kúrò.

Ẹ̀yin tí ẹ bá wa rin ìrìn yìí nínú ìwé, kí Allāhu jẹ́ kí ẹ dá amánà ọwọ́ yín padà kí ọkọ̀ yín tó gbéra. Kí ó jẹ́ kí ẹ rí ẹni tí yóò ti jó ìkọ́ kan sílẹ̀ de ọjọ́ àṣìṣe yín. Ọjọ́ tí ẹ bá kọjú sílé, kí ẹ bá ilé láyọ̀. Àmín.