Bí A Ó Ṣe Sá fún Iná

Bí mo bá ti gbóòórùn epo bẹntiróòlù, ọ̀sán kan ní Satellite Town ni mo máa ń rántí. Bàbá mi tí wọ́n ń wa táńkà epo fi ìborùn di èmi àti àbúrò mi lójú, wọ́n ní ká rákò láti yàrá dé géètì, bí ẹni pé èéfín ti bo ilé. Sìmẹ́ńtì gbóná lábẹ́ orúnkún wa, àmọ́ ẹ̀rín là ń rín.

Mo bi wọ́n pé, “Bàbá, ta ló máa gbé Màmá Àgbà?” Ìyá wọn kò lè dìde mọ́.

Màmá Àgbà ló dáhùn láti orí bẹ́ẹ̀dì: “Ẹ̀yin ẹ ṣáà máa lọ. Ẹ má wẹ̀yìn o.”

Mo rò pé ara eré náà ni. Nígbà tí ilé jó lóòótọ́, bí Bàbá ṣe kọ́ wa gẹ́lẹ́ la ṣe jáde, Màmá Àgbà sì kú síbẹ̀.