Ìlà Ọjọ́ Orí Nínú Ìwé Anti Oníwèé

Ní ọ̀sẹ̀ tó parí ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá ọdún 2024, èèyàn mẹ́sàn-án péré ni ọ̀fìnkìn oníbà gbé wá sí ilé ìwòsàn kan. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni wọ́n. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Anti Oníwèé kà á.

Bí wọ́n ṣe ń pe akọ̀wé tó ti ń tọ́jú ìwé aláìsàn níbẹ̀ láti ọdún mọ́kànlá nìyẹn. Ó lè sọ ọjọ́ tí o kọ́kọ́ wúkọ́ fún ọ, kó má sì rántí orúkọ rẹ.

"Ó ti rọlẹ̀ nìyẹn," ni dókítà wí, inú rẹ̀ dùn.

Anti Oníwèé náà ti gbà bẹ́ẹ̀ láàárọ̀. Ó ti pe àbúrò rẹ̀ ọkùnrin pé kó máa kó àwọn ọmọ rẹ̀ bọ̀ wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ ìyá tó bí àwọn méjèèjì, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò lágbára mọ́.

Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò balẹ̀. Ọjọ́ mélòó ni wọ́n ṣílẹ̀kùn lọ́sẹ̀ yìí ná? Méjì. Ta ló sì máa fi ìsinmi rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ńṣì dókítà nítorí ikọ́? Ó fa ìwé ìgbà ìsinmi ọdún tó kọjá yọ, ó ń fi rúlà tẹ̀ lé ìlà ọjọ́ orí. Kí ìsinmi tó dé: ọdún mẹ́fà, mẹ́jọ, márùn-ún. Lọ́sẹ̀ ìsinmi, ojú ìwé fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà: mọ́kànléláàádọ́rin, ọgọ́rin, mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Iléèwé gba ìsinmi, àwọn ọmọ kò ran ara wọn mọ́, wọ́n kó o lọ fún ìyá àgbà. Ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ló kọ gbogbo rẹ̀, kò sì rí i rí.

Ó pe àbúrò rẹ̀. Fóònù ń dún, kò gbé e. Ó já báàgì rẹ̀ gbà lórí àga, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Nígbà tó dé ilé ìyá wọn, bàtà kéékèèké ti kún ẹnu ọ̀nà. Èyí tó kéré jù nínú àwọn ọmọ náà wà lórí itan ìyá àgbà, ikun ń yọ nímú rẹ̀, ó ń wúkọ́.

"Màámi, ẹ gbé ọmọ yẹn sọ̀ kalẹ̀!"

"Ẹ káàbọ̀ o, Anti mi," ni àbúrò rẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Ṣé bẹ́ ẹ ṣe ń kí èèyàn níbi iṣẹ́ nìyẹn?"

"Láti ìgbà wo ló ti ń wúkọ́?"

"Láti àná. Ikọ́ ọmọdé lásán ni. Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ká máa bọ̀?"

"Èmi ni. Mo ṣàṣìṣe. Kó wọn lọ sílé mi. Ọjọ́ mẹ́wàá péré, kí ẹ máa kí Màámi láti ojú fèrèsé."

"Ojú fèrèsé kẹ̀? Ẹlẹ́wọ̀n ni wọ́n ni?"

Anti Oníwèé na ọwọ́ sí ọmọ náà. Ìyá wọn kò jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó fi etí aṣọ nù ún nímú, ó tún fà á mọ́ra.

"Ó dáa, ẹ kó wọn lọ," ni ìyá wí. "Lọ́dún tó ń bọ̀ tẹ́ ẹ bá tún kó wọn dé, ta ló sọ fún yín pé ẹ máa bá mi láyé?"