Mo Lọ Wo Ìbọn Àbúrò Mi ní Àgbowó

Ìyá wa ló rán mi. Akọ̀ròyìn ni mí, mo sì ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú, ṣùgbọ́n kò sí olóòtú kankan tó tíì fún mi ní iṣẹ́ tó le tó èyí. Ọmọ aládùúgbò wa kan tó ń kàwé ní Ìbàdàn ló wá sí Àkúrẹ́ fún ìsinmi, tó ní òun rí Fẹ́mi, àbíkẹ́yìn wa, ní Àgbowó, tó gbé ìbọn gbọọrọ lé èjìká, tó sì ń rẹ́rìn-ín. Ó jọ pé ẹ̀rín yẹn ló dun Ìyá wa ju ìbọn lọ.

"Ẹni tó bá ti ń gbé ìbọn kì í mọ àgbà mọ́," ni wọ́n wí fún mi. "Gbogbo àwọn tó ń gbé e kiri nílẹ̀ yìí, ta ni wọ́n ń kí? Lọ bá mi wò ó. Tó bá jẹ́ pé ìbọn ni lóòótọ́, gbé e wá kí n fi ojú ara mi rí i. Tí Fẹ́mi fúnra rẹ̀ bá ti bàjẹ́, mú òun náà wá."

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ ní ọjọ́ Sátidé tí mo fi dé gáréèjì. Ọkọ̀ Pijó kan ló ku èèyàn kan kó kún, èmi ni mo sì di èèyàn kan náà. Wọ́n fi mí sí ẹ̀yìn pátápátá, níbi tí orúnkún ẹni ti ń bá àgbọ̀n ẹni sọ̀rọ̀. Owó ọkọ̀ ti lọ sókè nítorí epo tó wọ́n. A ráhùn, a sì san án.

A gba Iléṣà, a gba Ifẹ̀, oòrùn sì yọ sí wa lẹ́yìn. Láti Ifẹ̀ lọ ni àwọn ṣọ́jà àti ọlọ́pàá ti bẹ̀rẹ̀ sí í to igi àti àgbá sójú ọ̀nà. Mo bi awakọ̀ wa, ọkùnrin kan tí kì í fi fìlà sílẹ̀ bó ti wù kí ooru mú tó, pé kí ni yóò ṣe tó bá rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó gbé ìbọn lójú títì Ìbàdàn.

"Alàgbà, tó bá wọ kákí, mo máa dúró," ló dáhùn. "Tí kò bá wọ kákí, mo máa sáré. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ kò ju ìyẹn lọ. Owó mi ni àwọn méjèèjì fẹ́."

Ní Ìkirè a dúró ra dòdò. Fún ẹ̀yin tí ẹ kò tíì jẹ ẹ́ rí: ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n kọjá ààlà ni wọ́n ń gún mọ́ ata àti iyọ̀, tí wọ́n ń dín in nínú epo pupa títí yóò fi dúdú bí èédú. Náírà mẹ́wàá ni mo ra èyí tí mo jẹ. Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ewúrẹ́ ló ni ín. Mo jẹ ẹ́ tán, mo lá ewé, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí mo ti jù sí ewúrẹ́ rí.

Ọkọ̀ já wa sílẹ̀ ní Ìwó Road, mo sì wọ takisí lọ sí Àgbowó. Takisí Ìbàdàn yàtọ̀ sí ti Àkúrẹ́. Èèyàn méjì ló ń jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, ẹni tó wà láàrin sì ni ọ̀pá jíà wà lórí itan rẹ̀, tí awakọ̀ ń tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó lè yí i. A gba Bódìjà kọjá, níbi tí òdòdó ti bo ọgbà ilé, tí wọ́n sì kọ ọ́ sára géètì pé kí èèyàn ṣọ́ra fún ajá. Àgbowó ní tiẹ̀ kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó ṣọ́ra. Akẹ́kọ̀ọ́ ló kún ibẹ̀, àti ẹ̀rọ ẹ̀dà ìwé, àti olóńjẹ, àti ariwo jẹnẹrétọ̀.

Fẹ́mi ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Dùgbẹ̀, yàrá kan ló sì ń gbé ní Àgbowó. Bó ṣe ṣílẹ̀kùn tó rí mi, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mi ò jẹ́ kí ìyẹn tàn mí. Ọmọ tó bá ní nǹkan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì a máa dọ̀bálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

"Ìyá wa ní kí n wá wo ìbọn," ni mo wí.

Ó wò mí, ó wo ilẹ̀, ó sì fa nǹkan gígùn kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Aṣọ ìbora tí Ìyá wa fún un nígbà tó ń kúrò nílé ló fi wé e. Nígbà tó tú u, ẹsẹ̀ mi ti dé ẹnu ọ̀nà kí n tó mọ̀. Ìbọn ni! Irú èyí tí mo ti ń rí lọ́wọ́ ṣọ́jà láti Ifẹ̀ wá!

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Bùrọ̀dá mi, ẹ gbé e wò."

Mo gbé e. Kò wúwo bí mo ṣe rò. Ike ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ ọ̀gá Fẹ́mi kan tó lọ kọ́ iṣẹ́ ní ilẹ̀ Japan ló kó irú rẹ̀ mẹ́rin, ńlá àti kékeré, bọ̀, tí gbogbo wọn sì ti bàjẹ́ kí wọ́n tó dé. Àwọn ará ibẹ̀, àgbàlagbà tó níṣẹ́ lọ́wọ́, ni wọ́n ń fi ṣe eré ogun ní òpin ọ̀sẹ̀. Ọta rẹ̀ jẹ́ ike funfun róbótó, kò ju hóró ẹ̀wà lọ. Mọ́tò kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó ń fa sípíríǹgì sẹ́yìn. Tí sípíríǹgì bá padà, afẹ́fẹ́ ló ń ti ọta jáde. Kò sí ẹ̀tù, kò sí iná.

Fẹ́mi jókòó sílẹ̀, ó ń fi ibi tó ti tún un ṣe hàn mí bí ìyá tó ń fi eyín ọmọ rẹ̀ hàn. Rọ́bà tó ń há afẹ́fẹ́ mọ́ ti gbẹ. Awọ inú páǹpù kẹ̀kẹ́ ló gé rọ́pò rẹ̀. Bátìrì rẹ̀ ti kú. Ó so bátìrì mìíràn mọ́ ìgbànú, ó wá fa wáyà láti ìbàdí wọ inú ìbọn. Ó fi ọ̀dà pupa kun ẹnu rẹ̀ kí ẹni tó bá rí i lè mọ̀ pé ohun ìṣeré ni. Ọta ni ìṣòro, nítorí kò sí ibi tí wọ́n ti ń tà á.

"Ráṣídì ọ̀rẹ́ mi ní kí a lo ẹ̀wà sóyà," ló wí. "Ó wọlé, ó fọ́ sínú, ó di ìyẹ̀fun. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń yọ mọ́ínmọ́ín nínú ìbọn."

Ó yìn ín sí agolo mílíìkì kan lórí fèrèsé. Agolo náà ró "kó!", ó sì ṣubú. Mo béèrè pé kí n yìn ín. Iṣẹ́ akọ̀ròyìn ni kó wádìí ọ̀rọ̀ dáadáa. Mo wádìí rẹ̀ títí ara agolo fi tẹ̀ wọlé.

"Bùrọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e lọ," ni Fẹ́mi wí. "Sátidé tó ń bọ̀ ni àwọn ará àdúgbò Challenge ń bọ̀ wá bá wa ṣeré. Ìbọn mẹ́rin péré la ní, èyí nìkan ni kò sì tíì já wa kulẹ̀."

"Ìyá wa ní ẹni tó bá gbé ìbọn kì í mọ àgbà mọ́."

Fẹ́mi wé ìbọn rẹ̀, ó ní kí n tẹ̀lé òun lọ sójú ogun.

Ojú ogun náà jẹ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí wọn kò tíì parí lẹ́yìn Àgbowó, tí ògiri gíga yí ká. Ọ̀gá ilé-ìwé kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ni ín. Bàbá Ọ̀gá ni Fẹ́mi àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń pè é. Nígbà tí wọ́n lọ tọrọ ibẹ̀, ohun kan ṣoṣo ni bàbá béèrè: kí wọ́n jẹ́ kí òun náà máa ṣe é. "Ilé mi ni," ni bàbá wí, "ogun mi ni."

Méjì-méjì ni wọ́n ń jà. Ráṣídì, akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ẹnu rẹ̀ mú, mú Bàbá Ọ̀gá. Fẹ́mi mú Bísí, ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì ní Ring Road, tó sì ti di gèlè mọ́rí kí ọta má baà bà á létí. Gbogbo wọn wọ awò àwọn wẹ́dà. Òfin wọn kò pọ̀: ìbọn kò gbọdọ̀ jáde ní ọgbà láìwé mọ́; ẹni tí ọta bá bà, òun fúnra rẹ̀ ni yóò pariwo "Ó bà mí!", yóò gbé ọwọ́ sókè, yóò sì jáde. Ọta náà kì í fi àmì sílẹ̀, nítorí náà kò sí ẹlẹ́rìí àfi ẹni tí ọta bà.

"Tó bá wá sẹ́ ńkọ́?" ni mo bi Bísí.

"Ta ló máa wá bá a ṣeré mọ́?" ló dáhùn. "Á kàn máa dá ogun tirẹ̀ jà nílé wọn ni."

Aṣọ pupa kan ni wọ́n kọ́ sí yàrá òkè. Iṣẹ́ Fẹ́mi àti Bísí ni láti já a. Iṣẹ́ àwọn tó kù ni láti ṣọ́ ọ. Wọ́n fún mi ní awò, wọ́n ní kí n dúró sí igun kan lókè, kí n má sì sọ ohun tí mo bá rí.

Eré bẹ̀rẹ̀. Ọta ń ró lára ògiri bí òjò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kán lórí páànù. Láìpẹ́ mo gbọ́ ohùn Bísí nísàlẹ̀: "Ó bà mí! Ráṣídì, wàá san án!" Lẹ́yìn náà ni ti Ráṣídì: "Yéè! Ó bà mí! Fẹ́mi, ìwọ àti ta ni?" Ó ku Fẹ́mi àti bàbá.

Mo rí àbúrò mi tó ń gun àtẹ̀gùn bọ̀ láìró, ìbọn níwájú, ojú rẹ̀ le bí ti ológun tòótọ́. Ṣé èyí ni Ìyá wa ń sọ? Ó dé ẹnu yàrá. Aṣọ pupa kò ju ìgbésẹ̀ díẹ̀ sí i lọ. Bàbá Ọ̀gá sì yọ láti ibi tí ì bá jẹ́ ilé ìdáná, wọ́n wọ awò ìkàwé sábẹ́ awò wẹ́dà, ìbọn ìléwọ́ kékeré kan lọ́wọ́ wọn. Ẹnu ìbọn Fẹ́mi ti wà ní àyà wọn ná. Ìka nìkan ló kù kó tẹ̀.

Fẹ́mi gbé ìbọn rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó sì fi àyà lélẹ̀ nínú yẹpẹ.

"Ẹ káàsán, sà."

"Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi. Ìyá rẹ ní Àkúrẹ́ ńkọ́?"

"Wọ́n wà dáadáa, sà."

"Bá mi kí wọn." Bàbá Ọ̀gá na ọwọ́, wọ́n sì yin ọta kan sí ìdí rẹ̀. Pá!

"Ó bà mí, sà!"

"Dìde. Ọlọ́run á bù kún ọ."

Ráṣídì ń fi ẹ̀rín yí nílẹ̀ nísàlẹ̀. "Ẹ̀kọ́ ilé ti pa Fẹ́mi o! Ẹ gbà wá o, ẹ̀kọ́ ilé ti tún pa á!"

Inú bí Bísí. "Fẹ́mi, ìgbà mélòó? O ò lè kí wọn láti òkèèrè?"

"Kí n wà lóròó kí n máa wo àgbàlagbà lójú?"

"Mo dẹ̀ kúnlẹ̀ fún wọn ní Sátidé tó kọjá," ni Bísí jẹ́wọ́ fún mi, ó ń fọwọ́ pa orúnkún rẹ̀. "Èmi náà jẹ ọta wọn. Ìdí nìyẹn tí Ráṣídì fi máa ń sáré mú wọn."

Lẹ́yìn ogun, gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń ṣa ọta, nítorí pé kò sí òmíràn. Bàbá Ọ̀gá jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, atẹ lórí itan, wọ́n ń ṣa òkúta kúrò nínú ọta bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Mo bi wọ́n léèrè bóyá ó tọ́ kí wọ́n máa yìnbọn lu ẹni tó ń kí wọn.

"Akọ̀ròyìn," ni wọ́n wí, "nígbà tí mo jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé, àwọn ọmọ ń kí mi níwájú, wọ́n ń sín mi jẹ lẹ́yìn. Àwọn wọ̀nyí ń kí mi nígbà tí kò ṣe wọ́n láǹfààní. Jẹ́ kí n jẹ̀gbádùn rẹ̀ kí wọ́n tó gbọ́n."

Síbẹ̀, iṣẹ́ tí ìyá bá rán ni, iṣẹ́ ni. Mo sọ fún Fẹ́mi pé ìbọn yóò bá mi lọ. Kò bá mi jiyàn. Ó yọ mọ́tò àti sípíríǹgì rẹ̀, ó kó wọn pamọ́, ó wé èyí tó kù nínú aṣọ ìbora, ó sì gbé e sínú àpò mi. "Bí ẹyin ni kí ẹ gbé e o, Bùrọ̀dá mi," ló wí, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, bí mo ṣe ń padà sí Àkúrẹ́, lẹ́yìn tí a ti kọjá Aṣéjìrẹ́, ṣọ́jà kan dá wa dúró, ó ní kí n tú àpò. Ìyá tó jókòó tì mí rí ohun tó jáde. "Jésù!" ló ké, ibi tí kò sí àyè tẹ́lẹ̀ sì di gbọ̀ngàn lójijì. Mo sọ fún ṣọ́jà náà pé ohun ìṣeré ni, kí ó wo ẹnu rẹ̀ tó pupa, kí ó sì gbé e wò. Ó gbé e tìfura-tìfura, ìfúyẹ́ rẹ̀ sì fẹ́ẹ̀ gbé e ṣubú sẹ́yìn. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó na ìbọn náà sí ẹnìkejì rẹ̀, ó fi ẹnu yìn ín: "Pá! Ó bà ọ́!"

"Kò bà mí!"

"Ó bà ọ́ lórí!"

"Irọ́ ni, mo ti yẹ̀!"

A fi wọ́n sílẹ̀ lórí iyàn yẹn lẹ́yìn tí wọ́n dá ìbọn padà. Mo sọ nínú ọkàn mi pé àwọn méjì yìí kò lè ṣeré ní Àgbowó.

Ìyá wa jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí mo wọlé. Wọ́n wọ awò wọn, wọ́n gbé ìbọn náà sórí itan, wọ́n sì rí aṣọ ìbora tí wọ́n mọ̀ dáadáa. Mo ròyìn gbogbo ohun tí mo rí, láti orí páǹpù kẹ̀kẹ́ títí dé orí yẹpẹ.

"Ó dọ̀bálẹ̀?" ni wọ́n bi mí.

"Gbalaja, mà."

"Pẹ̀lú ìbọn lọ́wọ́?"

"Ó gbé e sílẹ̀ kó tó dọ̀bálẹ̀."

"Bàbá náà wá yìnbọn lù ú?"

"Ní ìdí, mà. Wọ́n kọ́kọ́ ní ká kí yín."

Mo ti lọ sí ìrìn àjò púpọ̀, mo sì ti mọ̀ pé a kì í fi ẹ̀rù ohun tó wà lọ́wọ́ ọmọ díwọ̀n ohun tó wà nínú rẹ̀. Àfi ká lọ wò ó. Ohun tí mo ń múra láti sọ fún Ìyá wa nìyẹn. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ń wé ìbọn padà sínú aṣọ ìbora, wọ́n sì ń wé e dáadáa ju bí Fẹ́mi ṣe wé e lọ.

"Dá a padà fún un kí Sátidé tó pé," ni wọ́n wí. "Kó o sì sọ fún un pé èmi ni mo ní kí o sọ bẹ́ẹ̀: tó bá tún pàdé bàbá yẹn, kó kọ́kọ́ yìnbọn ná, kó tó dọ̀bálẹ̀."