Ọwọ́ Tó Ń Sinmi

Ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, mo rí rìmóòtù géèmù téèyàn ń fì bí ẹni ń gbá tẹ́níìsì. “Kò kúkú yí bí wọ́n ṣe ń gbá géèmù padà,” ni ọmọkùnrin tó ń tà á wí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní Ìgándò, nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bàbá mi fọwọ́ òsì gba irú rìmóòtù yẹn. Ó yà mí lẹ́nu, torí ó máa ń nà wá tá a bá fòsì gba nǹkan. Wọ́n ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń sinmi.

Màmá mi so rìmóòtù mọ́ ọwọ́ tó ń sinmi náà. “Ẹ fì í, Dádì.” Òógùn bò ó, èjìká rẹ̀ mì, bọ́ọ̀lù inú tẹlifíṣọ̀n sì fò lọ. Mo pàtẹ́wọ́ fún bọ́ọ̀lù. Màmá mi ń sunkún.

Ọwọ́ tí rọpárọsẹ̀ mú náà ò gbéra mọ́ títí Dádì fi kú.

Mi ò bá ọmọkùnrin inú ṣọ́ọ̀bù náà jiyàn nígbà tó na rìmóòtù sí mi. Mo na ọwọ́ ọ̀tún, mo gbà á.