Ohun Tí Mo Ní Kí Ẹ̀gbọ́n Mi Fi Pamọ́

Ọmọbìnrin méjì ni ìyá wa bí, ẹ̀gbọ́n mi àti èmi. Òṣogbo ni wọ́n bí wa sí, nínú agbo ilé Mùsùlùmí tí wọ́n ti ń pa aṣọ láró. Èmi ò kúrò níbẹ̀ rí. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ àgbẹ̀ oníkòkó kan ní abúlé kan lọ́nà Ifẹ̀wàrà, ó sì di ará Ìjẹ̀ṣà pátápátá. Tó bá wá kí wa, "ulé" ló máa ń pe ilé, "uṣu" ló máa ń pe iṣu, ìyá wa á sì máa fi í rẹ́rìn-ín. Ó ti kú báyìí. Mo ṣì máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀, pàápàá lọ́sàn-án tí ilé bá dá, tí mo bá ń ṣe nǹkan tí kò gba ìrònú.

Àsìkò tí wọ́n ń sá kòkó ni mo lọ bá a lábúlé. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n ṣe ìdána ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, mo sì fẹ́ bá a múra sílẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó pè mí láti balùwẹ̀ ẹ̀yìnkùlé pé kí n wá bá òun fọ ẹ̀yìn. Nígbà tí mo wọlé, kò kẹ̀yìn sí mi. Ó mú ọwọ́ mi, ó fi í sábẹ́ ọmú rẹ̀ òsì. Nǹkan kan wà níbẹ̀ tó le, tó sì ń yọ̀, bíi kóró àgbálùmọ̀ tí wọ́n rì mọ́ ẹran ara. Mo bi í bóyá ó ń dùn ún. Ó ní kò dun òun rárá, ìyẹn gan-an ló ń ba òun lẹ́rù. Ó ní àwọn nọ́ọ̀sì kan ń yẹ ọmú wò fún àwọn obìnrin ní Iléṣà, òun sì fẹ́ lọ lọ́jọ́ Ẹtì.

Olùkọ́ ni mí. Mo ti kà nípa jẹjẹrẹ, mo sì ti dúró níwájú kíláàsì sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àna tuntun ló wá sí mi lọ́kàn lọ́jọ́ náà. Mo rò ó pé bí ẹnikẹ́ni bá rí i níbi àyẹ̀wò, ọ̀rọ̀ á dé etí wọn, wọ́n á ní àrùn ìdílé ni, wọ́n á sì fi ọmọ wa sílẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká ṣe ìdána yìí tán ná," ni mo wí. "Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ má sọ fún ọmọ pàápàá."

Ó fa ìró rẹ̀ sókè dé àyà, a sì jáde lọ yí kòkó tó wà nínú oòrùn.

Ìdána lọ dáadáa. Lẹ́yìn rẹ̀, ìgbéyàwó kàn. Lẹ́yìn ìgbéyàwó, ọmọ lóyún, a ò sì fẹ́ kí ọkàn rẹ̀ dàrú. Bí mo bá béèrè lórí fóònù, ẹ̀gbọ́n mi á ní ó ṣì wà bó ṣe wà. Ó lé lọ́dún kan kí ọmọ rẹ̀ tó wá lo ọjọ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, tó ń bá a fọṣọ, tó sì gbóòórùn ohun tó wà lára kọ́mú. Òun ló gbé ìyá rẹ̀ lọ sí ọsibítù ńlá, tó pè mí pé kí n máa bọ̀.

Dókítà ní ó ti dé ẹ̀dọ̀fóró, ó ti dé eegun ẹ̀yìn. Kò bá wa jà. Ó kàn béèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà dáhùn pé kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ, torí ohun tí ìyá rẹ̀ sọ fún un nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi wo ilẹ̀. Èmi náà wo ilẹ̀. Wọ́n ṣe ìwọ̀nba ohun tí wọ́n lè ṣe kí ìrora má pọ̀ jù fún un. Kò lò tó oṣù márùn-ún sí i.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí i. Mi ò sọ pé iwin ni. Mo lè wà lọ́jà kí n rí ẹ̀yìn obìnrin kan tó ń lọ, kí n sì tẹ̀ lé e títí yóò fi yíjú. Mo ń fọ abọ́, ìka mi á ṣàdédé rántí kókó náà, bí ẹni pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọwọ́ kúrò níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, àwọn obìnrin kan wá bá wa ní àsàlátù. Gbogbo wọn ni jẹjẹrẹ ti mú rí, wọ́n sì kó ara wọn jọ láti máa ran àwọn mìíràn lọ́wọ́. Wọ́n ní àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ yóò wà fún ọjọ́ mẹ́ta ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní àdúgbò wa. Lọ́jọ́ kìíní, mi ò lọ. Lọ́jọ́ kejì, mo dé ẹnu géètì, mo rí obìnrin kan lórí bẹ́ǹṣì tó kẹ̀yìn sí mi, ọrùn rẹ̀ àti bó ṣe so gèlè dà bíi ti ẹ̀gbọ́n mi. Mo padà. Lọ́jọ́ kẹta, obìnrin kan tún jókòó sójú ibẹ̀ bákan náà, mo sì tún ṣẹ́rí padà. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà, ìyá kan láti Ìdó-Ọ̀ṣun tí wọ́n ti gé ọmú rẹ̀ kan, tẹ̀ lé mi jáde.

"Ta lẹ rí níbẹ̀?" ló bi mí.

Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó ní ibo ni ẹ̀gbọ́n mi wà. Mo ní ó ti kú.

Kò bá mi jiyàn. "Ẹ jẹ́ ká lọ jókòó tì wọ́n nígbà náà," ló wí, ó sì di ọwọ́ mi mú. Ẹni tí mi ò mọ̀ rí ni obìnrin orí bẹ́ǹṣì náà.

Kókó wà nínú ọmú tèmi náà, ṣùgbọ́n ọwọ́ ò lè kàn án. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ya àwòrán inú ọmú ló rí i, ó kéré bí ẹ̀wà. Dókítà ṣàlàyé fún mi pé láyé ìsinsìnyí, wọ́n máa ń yẹ ẹran kókó náà wò dáadáa kí wọ́n lè mọ oògùn tó bá a mu, pé kì í ṣe oògùn kan náà ni wọ́n ń fún gbogbo èèyàn mọ́. Kókó nìkan ni wọ́n gé, wọn ò gé ọmú. Mo lọ sábẹ́ ẹ̀rọ tó ń fi ìtànṣán pa ìyókù, lẹ́yìn náà wọ́n fún mi ní oògùn tí mò ń lò lójoojúmọ́ di òní. Àwọn obìnrin yẹn pín ara wọn láti máa bá mi lọ. Èyí á gbé ẹ̀kọ wá, èyí á jókòó tì mí láìsọ̀rọ̀. Gbogbo oore tí wọ́n ṣe mí, bí ohun tí mo fi du ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń rí i.

Dókítà béèrè bóyá obìnrin mìíràn wà nínú ẹbí. Mo ní ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní kí ó tètè wá ṣe àyẹ̀wò, kí ó má dúró dìgbà tí ọjọ́ orí rẹ̀ bá pọ̀. Bí mo ṣe lọ bá a nìyẹn ní Iléṣà, níbi tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé. Ó ń fún ọmọ rẹ̀ lóúnjẹ. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, Àǹtí Òṣogbo, ẹ ò tiẹ̀ pè kí ẹ tó máa bọ̀. Orí ìdúró ni mo wà tí mo fi sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Nítorí ìdána mi?"

"Nítorí ìdána rẹ ni."

Ó nu ẹnu ọmọ rẹ̀, ó gbé e, ó wọ yàrá lọ, ó sì ti ilẹ̀kùn. Mo jókòó sí pálọ̀ títí mo fi kírun Àsárì níbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ló wá sìn mí dé gáréèjì.

Fún oṣù méjì, kò gbé fóònù mi. Nígbà tó wá pè, kò kí mi. Ó ní Ọjọ́bọ̀ ni òun fẹ́ lọ ṣe àyẹ̀wò náà. "Ẹ máa bá mi lọ," ló wí. "Màmá ò rí ẹni bá wọn lọ."

Wọn ò rí nǹkan kan lára rẹ̀, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Wọ́n ní kí ó máa wá lọ́dọọdún. A ń dúró de mọ́tò nígbà tó bi mí pé, lọ́jọ́ tí mo ní kí ìyá òun dákẹ́, èsì wo ni wọ́n fún mi. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí.

"Wọ́n ní, 'Ó dáa. Ìwọ lo kàwé.'"

Mọ́tò dé, ó jẹ́ kí n kọ́kọ́ wọlé.

Ọdọọdún la jọ ń lọ báyìí, òun àti èmi. Kì í wá kí mi ní Òṣogbo mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, mi ò sì béèrè ìdí. Mo máa ń bá àwọn obìnrin yẹn lọ sáwọn abúlé láti sọ̀rọ̀, ohun tí mo ṣe ni mo sì máa ń sọ. Àwọn kan máa ń wò mí tìkà-tẹ̀gbin, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń dúró ṣe àyẹ̀wò. Lóṣù tó kọjá, nítòsí Ifẹ̀wàrà, obìnrin kan bi mí bóyá ẹ̀gbọ́n mi ti dárí jì mí. Mo ní mi ò mọ̀. Mo ní kí ó wọlé, wọ́n ti ń pè é.